Ẹ̀rọ Tó Ń Kọ̀wé Láti Apá Ọ̀tún

Abúlé wa, lẹ́bàá Ejura,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Lùbnà ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lu orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ ní Ayigya ti ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run Ọba tó mú mi lọ sí Kùmásì, tó tún mú mi padà láìjẹ́ kí ọkọ̀ tròtrò gbé mi jù sí kòtò, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Iṣẹ́ kò ní í sú ọ. Ojú kò ní í tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù, torí mo mọ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń fo àdúrà kí ẹ lè tètè dé ibi tí ìròyìn wà.

Ilé dára. Ìyá rẹ ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé sí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti yọrí, ewúrẹ́ tí o rà fún wa ti bí méjì, ìyá wọn sì ti jẹ etí ìwé kan tí mo sá sóòrùn, mo bá a wí títí, ó kàn ń wò mí bí ọmọ ilé-kéwú tí kò gbọ́ ohun tí àfáà ń sọ. Rilwan tó ti há síbì kan nínú kéwú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá ti bọ́ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé máásà wá fún wa, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣúgà, eyín tó ń dùn mí sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù ilé yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá rẹ ló ń mú un kiri, bí o bá sì ti pè, yóò tẹ ibi tí ohùn rẹ yóò fi máa ké sóde, gbogbo agbo ilé yóò péjọ bí ẹni pé rédíò ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó wà níkùn mi lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo ilé. Prosper, awakọ̀ tó máa ń gbé èrò lọ sí Tafo ní Kùmásì, ni màá fi rán. Màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, màá fi okùn dì í, màá sì ka àdúrà sí i, nítorí náà bí o bá rí i pé wọ́n ti tú u, Prosper ni kí o bi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wá wo ojú ní Kùmásì, tí o ní kí n yà wo ibi iṣẹ́ rẹ kí n tó wọkọ̀, n kò lè kírun mọ́ kí n má bá ara mi níbi tí mo ti ń ka lẹ́tà dípò rákà. Mo rántí ẹnu ọ̀nà yín pàápàá. Ẹ̀ṣọ́ gbé ìwé kan fún mi pé kí n kọ orúkọ àti ìdí tí mo fi wá, kí n sì fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti bàbá mi, mo kọ ti bàbá bàbá mi tó ti Ìlọrin wá ṣòwò àlùbọ́sà ní Kùmásì. Níbi ìdí tí mo fi wá, mo kọ ọ́ pé láti mọ̀ bóyá ọmọ mi ń jẹun dáadáa. Ibi ìfọwọ́sí ni mo kọ àdúrà sí. Ẹ̀ṣọ́ ní ìlà kan péré ni tèmi, pé mo ti gba ti àlejò márùn-ún tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí ó má bínú, ìdílé wa kì í ṣe ìdílé ìlà kan.

Mo ti rò pé n óò bá ohun ńlá kan tó ń bú ramúramù bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Ejura. Ohun tí mo bá kò ju àpótí aṣọ ìyá rẹ lọ. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí tábìlì, ó to ìgò sábẹ́, rọ́bà tín-ín-rín ń ti inú ìgò kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń dún tó, tó, tó. Mo bi ọ́ pé kí ló ń ṣe, o ní ó ń kọ̀wé. Mo rò pé o ń fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́, torí mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí gègé, n kò rí tàdáwà, n kò sì rí bébà. O wá ní ohun tó ń kọ ni irú ìwé tí Ọlọ́run fi kọ ara ènìyàn àti ti ewúrẹ́ àti ti àgbàdo, èyí tí ẹ ń pè ní DNA, àti pé lẹ́tà mẹ́rin péré ló ní, A, C, G àti T, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìgò tirẹ̀.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ, n kò gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà kéwú jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ti Yorùbá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, síbẹ̀ wọn kò tó láti kọ gbogbo ohun tí ìyá rẹ ń sọ láàárín òwúrọ̀ kan. Báwo ni mẹ́rin yóò ṣe tó kọ ẹ̀dá? Nígbà tí mo délé mo mú wàláà kan, mo yan lẹ́tà kéwú mẹ́rin, mo ní kí n wo iye ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n lè bí. Hóró àgbàdo ni mo fi ṣírò rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Mo tún un kà, ewúrẹ́ ti jẹ méjì nínú hóró náà kí n tó ṣe tán, àmọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà ni. Mo bọ́ sórí onílẹ́tà mẹ́rin, wàláà kún, mo mú òmíràn, òun náà kún, àwọn ọmọ ilé-kéwú dúró ń wò mí, wọ́n rò pé mo ń kọ tírà tí yóò mú òjò dúró. Ibẹ̀ ni mo ti gbà fún ọ. Mẹ́rin tó, ó tún ṣẹ́kù.

Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ, ẹnu Kelvin ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Asante tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ní sùúrù, ó sì gbé àga fún mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó ní láti òsì lọ sí ọ̀tún lẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní apá ọ̀tún, níbi ìparí, ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa bọ̀ títí tí yóò fi dé òsì. Lùbnà, díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Mo bi í léèmejì kó má bàa jẹ́ pé etí mi ló tàn mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọ̀tún ni. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti jókòó sórí ẹní nílé-kéwú rí. Kelvin ní rárá, àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é, pé bí àwọn ohun inú ìgò ṣe máa ń dì mọ́ra ló fà á. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó náà lè má rántí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó tún ṣàlàyé bí ìkọ̀wé náà ṣe ń lọ, mo sì fi ọkàn bá a lọ, ìwọ ti jáde lọ gba fóònù. Ó ní wọn yóò kọ́kọ́ so lẹ́tà kan mọ́ ara gíláàsì kan tó rí wẹ́wẹ́ bí yanrìn, kí omi má bàa gbé e lọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dé ohun kan bíi fìlà, kí lẹ́tà méjì má bàa gorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ yóò ṣí fìlà, yóò da lẹ́tà kejì lé e, yóò fi omi mìíràn ṣàn án, yóò tún ṣí fìlà ti èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ṣí fìlà kan, omi aláwọ̀ ọsàn á ṣàn jáde, èmi fúnra mi rí i. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ọmọ ilé-kéwú mi tó ń dé fìlà kò tó lẹ́tà yín.

Ibi tí a ti jà díẹ̀ ni ti àṣìṣe. Kelvin ní bí ọ̀kan nínú àwọn okùn lẹ́tà tó ń gùn bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò gba lẹ́tà tó kàn án, ẹ̀rọ yóò dí i lẹ́nu pátápátá kó má bàa máa gbé àṣìṣe lọ síwájú. Mo ní èyí kò dára. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá fo ọ̀rọ̀ kan, a ó dá a padà síbẹ̀rẹ̀ ni, bó di ìgbà ogún, a kì í dí i lẹ́nu. Kelvin rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ kò ní sùúrù tèmi, àti pé bí ó bá fi lè kọjá nǹkan bí igba lẹ́tà, àṣìṣe á ti pọ̀ jù. Igba péré. Rilwan tí gbogbo abúlé mọ̀ ní olórí kunkun ń kà ju bẹ́ẹ̀ lọ láìwo wàláà, ẹnikẹ́ni kò sì san iye tó tó owó ilé lórí rẹ̀ bí ẹ ṣe san lórí ẹ̀rọ yín.

Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣe àlùwàlá, torí irú ìwé tó ń kọ kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni. Ó ní láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ó ń wẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ nínú àwa àfáà lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi yọ ìgò omi tí mo mu tán nínú ọkọ̀, tí mo bẹ̀ ẹ́ kó bu díẹ̀ fún mi nínú omi tí ẹ̀rọ fi wẹ̀. Ìwọ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí a bá fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí wàláà tí a sì fọ̀ ọ́ sínú àwo, hàntú nìyẹn, aláìsàn á mu ún. Mo ní bí a bá ń fọ ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ kọ mu, ti ẹ̀rọ kò lè burú. Kelvin sáré gba ìgò lọ́wọ́ mi. Ó ní kì í ṣe omi rárá, májèlé ni, pé omi gan-an ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà, bí ọ̀rinrin lásán bá wọ inú ìgò lákòókò òjò yìí, lẹ́tà kò ní í so mọ́ra mọ́. Mo rò pé ahun ni, pé torí ó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni kò ṣe fẹ́ kí àfáà mú nǹkan lọ. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Bá mi kí i, sì sọ fún un pé mo ń gbàdúrà kí òjò má wọ ìgò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni o padà wọlé, tí mo bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n ní ìsinmi títí di òní. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ ń kọ yìí, tí kò tó ogún lẹ́tà ní ìgbà mìíràn, kí lẹ ń fi í ṣe? O ní ẹ óò fi í sínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa wá ibi tó bá a mu nínú ìwé ńlá tó wà níbẹ̀, tó bá rí i, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yé mi kíákíá. Bí mo bá fa ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kan ní ìdájí, ọmọ tó mọ̀ ọ́n á gbà á lẹ́nu mi, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á máa wo ilẹ̀. Mo ní kí wá lẹ ń wá? O ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. O ní nínú gbogbo ìwé yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì, A kan tó di T. Mo ní ẹ fi itọ́ sí ìka kí ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ, ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ. O rẹ́rìn-ín. O ní ẹ̀rọ yín kì í wọ inú ènìyàn lọ kọ̀wé, inú ìgò ló mọ, pé wọ́n ti ń tún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe lókè òkun ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣe é sọ, iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ kà á.

Nígbà náà ni o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àrùn náà ṣe ń ṣe ọmọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú nígbà tó wà ní kékeré. Ẹyinjú á pọ́n bí ọsàn. Egungun á máa dùn ún bí òtútù bá mú tàbí bí òjò bá rọ̀. Lónìí á sùn bí òkú, lọ́la á dìde máa sáré. O ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé, mo sì ń wo ẹnu rẹ, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ń rí. Hàbíbùlláhì ẹ̀gbọ́n rẹ. O kò mọ̀ ọ́n, torí ó kú kí a tó bí ọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó máa ń bẹ̀ mí kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, kí n fún un gan-an, pé bí mo bá tú u sílẹ̀ ìrora náà á padà. Sàlímà tẹ̀lé e, òun kò ju ọdún méjì lọ. Ìwọ ni ìkẹta, ìwọ lo dúró.

Mo bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ ta ni lẹ́tà tó ṣì náà ti ń wá, ṣé ọ̀dọ̀ ìyá ni. O ní rárá Bàbá, kí ọmọ tó lè ní àrùn náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìwọ alára, o ní ọ̀kan lára tìrẹ dára, ọ̀kan kò dára, o kò sì mọ èwo lo gbà lọ́wọ́ ta ni. Mo ní kí o fi ilé ìtọ̀ hàn mí. N kò tọ̀. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí o má bàa gbọ́ mi. Nígbà tí mo jáde, o ní ojú mi ti pọ́n, kí n má gbàgbé láti máa kán òògùn sí i, mo ní ó dáa.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Sawaba, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tí Hàbíbùlláhì kú. Wọ́n ní ilé wa kò ní irú rẹ̀ rí, pé ìyá rẹ ló gbé e wá láti ilé wọn, pé inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń bàjẹ́. Nígbà tí Sàlímà náà lọ, ó di òfin. Lọ́dọọdún tí a bá péjọ sí ilé wọn ní Sawaba láti ṣàdúrà fún àwọn òkú ilé wa, wọ́n á gbé ohùn sókè, wọ́n á ní kí Ọlọ́run gba ilé wa lọ́wọ́ ilé ọmọ tí kì í gbé ọmọ dúró. Gbogbo ènìyàn á ṣe àmín. Ìyá rẹ á wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ìkòkò, á máa fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. O ti ń rí i níbẹ̀ láti kékeré, o rò pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ ni.

Èmi kò bú u rí, Ọlọ́run jẹ́rìí. Mo kàn dákẹ́ ni, n kò gbèjà rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti hàntú. Nígbà tí ó lóyún rẹ, mo gba ààwẹ̀, mo kọ wàláà fún un ní òwúrọ̀ ogójì, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún un, ó mu ún. Òun nìkan ló mu ún. Lójoojúmọ́ tí mo ń gbé àwo yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí mo rò pé ó yẹ kí èmi náà fi kan ẹnu. Mo ti mọ ibi tí àṣìṣe wà, mo rò bẹ́ẹ̀, inú ara ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ ni àdúrà Sawaba. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kò ju ọ̀kan lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yín kọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kí ẹ fi wá inú ẹ̀jẹ̀ tèmi. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sí abúlé wa sọ pé ilé ìwòsàn Ejura lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ kan. N kò fẹ́ ti Ejura. N kò lè gbé ìwé tí n kò mọ gègé tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ síwájú Ìyá Sawaba. Kelvin ní ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára bébà pàápàá ṣe é kà fún ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà àbàwọ́n tó wà ní igun ọ̀tún ìwé yìí kì í ṣe epo. Abẹ tí mo fi ń fá orí ni mo fi gún àtàǹpàkò mi, ó ṣàn ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀gún ni.

Bí àbọ̀ bá dé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé gidi, kí ẹ lu òǹtẹ̀ tó hàn dáadáa, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Màá dìde níwájú gbogbo ilé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, màá kà á. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní kéwú, n kò gbàdúrà rí pé kí wọ́n rí àṣìṣe lára mi. Mo ń gbà á báyìí. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí o má lọ kọ ọ́ pé tèmi dára.

Nípa ti owó, o mọ̀ pé n kì í fẹ́ láti yọ ọ́ lẹ́nu. Fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ dé Sawaba ránṣẹ́, kó tó fún àga iwájú, torí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fi owó aṣọ tuntun kan kún un fún un, kó má ṣe jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tó fi ń fọ àwo. Òògùn ojú mi náà ti tán, ewúrẹ́ kọ́ ló mu ún.

Ọjọ́ Sátidé.

Prosper kò wá ní àná, wọ́n ní táyà rẹ̀ bẹ́ ní ọ̀nà. Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa kí n tó rí i pé ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi. Ó ní ojú ẹ̀gún kì í rí bí ojú abẹ, kí ni mo ń kọ. N kò ní irọ́ kankan mọ́. Mo ní kó jókòó, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un láti orí àsàláámù títí dé ewúrẹ́.

Ó mú ọwọ́ mi, ó wo ibi tí mo gún. Lẹ́yìn náà ló ní òun mọ̀. Ó ní nígbà tí òun lóyún rẹ ni nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, pé ènìyàn méjì ni í jọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mi, bí wọ́n bá gbọ́ pé àfáà fúnra rẹ̀ ló gbé àrùn ọmọ rẹ̀ dání, ta ni yóò tún gba wàláà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹnì kan ti tó fún wọn láti máa fi ọ̀rọ̀ nà. Mo bi í nípa hàntú, pé kí ló dé tó fi ń mu ún nígbà tó ti mọ̀. Ó ní òun rí i pé mo ń gba ààwẹ̀ kí n tó kọ ọ́, ààwẹ̀ yẹn ni òun ń mu.

Ọmọ mi, mo sunkún níwájú rẹ̀, n kò ṣí ẹ̀rọ omi kankan. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní òun kò nílò ìwé olóǹtẹ̀ kankan, kí n tún gbé ìwé yìí kalẹ̀. Ó mú abẹ, ó gún àtàǹpàkò tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí igun òsì. Ó ní kí tèmi má dá lọ sí Kùmásì. Ó ní bí mo bá dìde ní Sawaba, òun náà yóò dìde, kí Ìyá Sawaba gbọ́ ti àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì ní aṣọ tí mo tọrọ kéré, kí o ra yáàdì mẹ́fà, aláwọ̀ búlúù, kí ẹ̀yin ọmọ Ayigya má lọ ra èyí tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí.

Ọlọ́run tó mọ ìwé wa kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n yóò fún ọ ní ọkọ tí kò ní í dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìwọ àti ẹni tí o bá fẹ́ ẹ óò jọ ka ìwé ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó jókòó níwájú àfáà, ọmọ yín kò ní í sọ pé kí ẹ di orúnkún òun mú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore. Ààmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Jímọ̀h. Ìyá rẹ, Nímátù, jókòó tì mí, ó ní kí n kọ orúkọ òun náà síbí.